Ìlú Tí Kò Sí Lórí Máàpù Mọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì ni dókítà dá fún wa kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi. Kókó kan ló wà nínú ikùn wọn, ó ti ń lọ sí bíi ọsàn ńlá, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ga. Dókítà ní bí kò bá wálẹ̀, òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kí Màmá máa ronú o." Díẹ̀ ló kù kí n bú u. Ta ló fẹ́ dúró níwájú ìyá mi kó sọ pé kí wọ́n má ronú?

Nígbà tí a délé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọn ò jẹ́ kí n bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fa agolo bísíkíìtì kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ìwé kan jáde nínú rẹ̀, ó ti pọ́n, ibi tí wọ́n ti ká a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Kí wọ́n tó là mí," wọ́n ní, "mo fẹ́ kí o bá mi wá ibi tí ọmọ yẹn wà."

Mo mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Kí n tó dáyé, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Ìjọra, níbi tí wọ́n ń kó pánlá gbígbẹ tó ń ti Norway bọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ náà rán wọn lọ sí ọ̀hún fún ọdún méjì kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹja, èyí tó dára àti èyí tí kòkòrò ti mú. Ìyá mi bá wọn lọ. Ilé opó kan ni wọ́n wọ̀ sí, nínú àrọko kan létí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àkọ́bí wọn sí, ọmọkùnrin. Òtútù mú un láyà, ó sì kú kó tó pé oṣù mẹ́rin.

Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ló ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ júwe ibẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, kí ọgbẹ́ lè ríbi jinná. Àmọ́ ta ni àgbà ilé ní Norway? Bàbá mi lọ bá ìyá onílé, wọ́n ní kó bá àwọn sin ọmọ náà, kó má sì sọ ibi tó sin ín sí fún àwọn láé. Ìyá mi ní obìnrin náà wo bàbá mi láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé orí wọn ti dàrú. Àlùfáà wá, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kí òbí má tẹ̀lé òkú ọmọ wọn. Wọn ò lọ. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí, wọ́n pa fèrèsé dé, títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi "ẹ káàárọ̀", nígbà tí wọ́n sì ń padà bọ̀ wálé, kò jáde sí wọn. Ìyá mi kò gbàgbé ìyẹn. Bí wọ́n bá ń bu pánlá sínú omi gbígbóná, wọ́n á kàn ṣàdédé ní, "Obìnrin òkúrorò yẹn!" Èmi ò ní bèèrè ta ni.

Bàbá mi ti kú, ó ti pẹ́. Nínú àwọn tó fojú rí ọmọ náà, ìyá mi nìkan ló kù.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ibi tó wà ṣe lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí?"

Wọ́n dáhùn wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti ń gbáradì fún ìbéèrè náà. "Bí mo bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí mo bá a lọ́hùn-ún, tó bá ní, 'Ìyá mi, níbo lẹ jù mí sí?' Kí ni kí n wí?"

Mo gba ìwé náà. Ìwé ìbí ni. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, àti orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Mi ò ní kọ ọ̀kankan nínú wọn síhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Mo ṣáà rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Kánsù ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, nínú yàrá fáìlì, wíwá ìwé tó sọnù ni mo fi jẹun. Mo tẹ orúkọ ìlú náà sórí fóònù, mo sì ń retí kí máàpù gbé mi lọ síbẹ̀. Máàpù fi ilé ìtajà bàtà kan hàn mí nílẹ̀ òkèèrè míì. Mo tún un tẹ̀. Ó ní bóyá nǹkan mìíràn ni mò ń wá. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn mí. Kò sí ìlú kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ náà lódindi, bó ṣe wà nínú ìwé. Ṣé ibi tí bàbá mi sọ pé àwọn wà kọ́ ni wọ́n wà ni?

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí ojúewé kan nípa ibẹ̀ lórí ayélujára, tí ẹnì kan kọ ní èdè Norway. Mo ní kí fóònù túmọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ibẹ̀ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àrọko tẹ́lẹ̀ rí. Ojú mi ò kúrò lára "tẹ́lẹ̀ rí" yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti pa á rẹ́.

Mo ka ìtàn náà bí mo ṣe máa ń ka fáìlì, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Oko ló kọ́kọ́ wà, oko ẹyọ kan létí omi, tí ìdílé kan ń dá. Orúkọ oko náà ti pẹ́ débi pé àwọn fúnra wọn ń jiyàn lórí ohun tó túmọ̀ sí, àwọn kan ní ibi tí omi ti yà wọ ilẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Nígbà tí ẹ̀sìn dé, orí ilẹ̀ oko yẹn ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Gbogbo àwọn tó ń wá jọ́sìn láti àwọn oko yòókù wá di ará ibẹ̀, wọ́n fi orúkọ oko náà pe ìjọ. Nígbà tí ìjọba ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ìgbìmọ̀ náà tún gba orúkọ kan náà. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà wo oko. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa níhìn-ín: ẹnì kan á tẹ̀dó, àwọn mìíràn á bá a níbẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì ibùdókọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni èbúté. Ọjà ẹja gbèrú níbẹ̀, ó di ìlú, ìlú ní òun fẹ́ kánsù tòun, ó sì mú orúkọ kan náà. Báyìí ni ìjọba ìbílẹ̀ méjì ṣe ń jẹ́ orúkọ kan. Kí wọ́n lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n fi "ti àrọko" kún orúkọ èyí tó jẹ́ àgbà. Àgbà náà ni wọ́n sì pa nígbà tó yá, wọ́n ní ó kéré jù láti dá dúró. Ìlú gbé e mì.

Mo ní ó dáa. Bí ìlú bá gbé e mì, ọ̀dọ̀ ìlú ni ìwé á wà. Mo kọ ímeèlì sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣàlàyé, mo so fọ́tò ìwé ìbí náà mọ́ ọn. Ìyá mi ń jí láràárọ̀, wọn ò ní tíì kí mi tí wọ́n á fi ní, "Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Wọ́n ní àwọn ti wo ìwé ìsìnkú gbogbo ọdún yẹn. Kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí ìyá mi bèèrè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní wọn ò tíì dáhùn. Mo parọ́ fún ìyá mi lójúkojú, èmi tí mo ti di ìyá àgbà! Mò ń rò ó pé bóyá obìnrin yẹn kò sin ín ní ibi tó dáa rárá. Bóyá ó bínú sí wọn, ó kàn gbé e fún ẹnì kan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lópòópó wa wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ó ti ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Yaba, wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo fa á lọ sẹ́yìnkùlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ lé orí.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ nau. Kí lẹ wá ń wá a sí? Wọ́n ní ká má jẹ́ kí Mọ́mì ronú, ẹ tún ń wú òkú."

"Àwọn ló ní kí n wá a."

"Wọ́n ti dàgbà, Àǹtí mi! Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti rí i, pé ibẹ̀ fáìn. Ó parí. Ta ló fẹ́ lọ ṣẹ́ẹ̀kì?"

"Irọ́ ni o fẹ́ kí n fi sin ìyá mi lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ?"

"Àbí bípíì tó ga lẹ fẹ́ fi sìn wọ́n lọ? Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìyá kì í mọ ibojì ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ká má ṣe é, wọ́n gọ̀ ni?"

Inú bí mi nítorí pé òtítọ́ pọ̀ nínú ohun tó sọ. Mo ní kó máa lọ, pé kó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà wá wọlé fún Màmá kó tó lọ.

Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ lọ́jọ́ Àìkú ni obìnrin arúgbó kan bọ́ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n gé kánsù tuntun kúrò lára tiwa, ariwo pátákó orúkọ tuntun ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀lé: wọ́n ń kun ọkọ̀, wọ́n ń ya orúkọ tuntun sára ògiri, wọ́n ń jó. Inú yàrá fáìlì ni èmi wà, tí mo ń pín ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé fáìlì kì í tẹ̀lé orúkọ, ilẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Òpópó tó bá bọ́ sí ìkọjá kánààlì tó pààlà wa, ìkọjá kánààlì ni ìwé rẹ̀ ń lọ, ì báà jẹ́ pé orúkọ wa ló wà lára páálí. Ìyá arúgbó kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti Òtò, ó ń wá ìwé ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ fún un pé kò sí nínú ìwé wa. Òtítọ́ ni mo sọ. Kò sí nínú ìwé wa, ó wà lọ́fíìsì kejì, èmi fúnra mi ni mo sì di í lọ síbẹ̀, àmọ́ mi ò rántí sọ fún un. Mo ti gbé e kúrò lọ́kàn tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ojú tì mí, mo gbé abọ́ sílẹ̀.

Mo padà sórí ojúewé náà, mo wá ibi tí mo ti fò kọjá. Òótọ́ ni pé ìlú gbé ìjọba ìbílẹ̀ àrọko náà mì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n gé etí kan kúrò, àwọn oko mélòó kan tó wà ní òdìkejì omi, wọ́n fi wọ́n fún àwọn aládùúgbò. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lára etí tí wọ́n gé náà. Mo kọ ímeèlì mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí iṣẹ́ abẹ tó pé.

Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ má jẹ́ kí n rí irú rẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, mo ti fò mọ́ ọn. Bí kò bá dún, mo tún ń gbé e wò. Ìyá mi kò bèèrè mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù, torí ó jọ pé wọ́n ti ka ojú mi. Ní ọjọ́ kẹta, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀ dé ibi tí dókítà fẹ́ gan-an, ó ní tó bá dúró bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, àárọ̀ ni àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni èsì wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù ni mo ti kà á, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Obìnrin kan ló kọ ọ́, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà. Ó ní ọmọ náà wà nínú ìwé àwọn. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ilẹ̀ ibojì kì í ṣe ti ayérayé: bí ọdún tí wọ́n dá fún un bá pé tí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú, wọ́n á fi sin ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n opó tó gbé ọmọ yìí wá sin ló ń mójú tó ibojì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọdún bá ti pé, ó ń wá, ó ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí òun náà ń ṣàìsàn àìsàn ikú, ó ní kí wọ́n má wá ilẹ̀ tuntun fún òun, kí wọ́n sin òun ti ọmọ náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé náà ti wọ bàtà jáde lọ ya fọ́tò. Òkúta dúdú kan ni, koríko yí i ká. Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ló wà lókè.

Àbúrò mi bá mi níbẹ̀ tí mò ń sunkún. Ó gba fóònù, ó kà á. Ó dá fóònù padà fún mi.

"Ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ," ó ní. "Mo bẹ̀ yín. Ọ̀la ni."

"Tí wọn ò bá wá jáde ńkọ́?"

"Tí ẹ bá sọ ọ́ tí bípíì bá gòkè ńkọ́?"

A dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń jà, láìgbé ohùn sókè nítorí àwọn aláìsàn. Mi ò mọ èyí tó tọ́. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn rí i pé ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi wọlé.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ fún wọn, láìyọ nǹkan kan kúrò, mo tiẹ̀ jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ opó náà, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà.

"Òun ló ṣe é?"

"Òun ni, Mà."

"Tó ń lọ bá wọn láti gba ilẹ̀ fún un?"

"Títí ó fi kú."

Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Ẹkún tó bọ́ lẹ́nu wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. "Mo bú u," wọ́n ń wí. "Háà, Olúwa mi. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń bú obìnrin yẹn."

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wò mí, ó tún un wọ̀n. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò lè wáyé mọ́ lọ́la. Àbúrò mi kò sọ ohunkóhun sí mi. Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó jáde lọ.

Ọjọ́ márùn-ún ni a fi dúró. Orí àga ike kan ni mo wà, mò ń ka èémí wọn. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí wọ́n bá kú, èmi ni mo pa wọ́n, kó má wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn. Wọ́n ń sùn bí ọmọ ọwọ́, lọ́sàn-án, láìlo oògùn oorun. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, wọ́n gbé wọn wọlé, kókó jáde, àwọn náà jáde. Àbúrò mi padà wá, ó gbé omi ọbẹ̀ wá, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a ti délé tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí n gbé fóònù, kí n kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ó bá àwọn dé ibojì náà, kó kí obìnrin náà, kó sọ fún un pé ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́jọ́sí ń dúpẹ́ o. Wọ́n ní kó sọ fún un pé àwọn kò kórìíra ọmọ àwọn, bí wọ́n ṣe ń sin ọmọ nílé àwọn ni. Mo bèèrè orúkọ tí màá fi sí ìsàlẹ̀.

Àkọ́bí ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí. Orúkọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé: Ìyá èmi, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu bàbá mi. Wọ́n wò mí, bí ẹni tó ń tọrọ ààyè, wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: Ìyá, orúkọ ọmọ yẹn sì tẹ̀lé e. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.